Ìrora tó ń ti Ìbàdí Sọ̀kalẹ̀ sí Ẹsẹ̀

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́ wa ní Adja-Ouèrè, Ikpinlè, Massè, Kpoulou, Oko-Akaré àti Tatonnonkon, ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ìrora kan tí púpọ̀ nínú yín mọ̀, ṣùgbọ́n tí orúkọ tí à ń pè é kì í sábà jẹ́ tirẹ̀.

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: ẹ tẹ̀ba láti gbé bídọ́ọ̀nù epo, nǹkan kan já lójijì ní ìbàdí. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìrora ti wọ ìdí ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó gba ẹ̀yìn itan, ó dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ń ta bí iná. Ẹ wúkọ́, ó di méjì. Ẹ sín, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Nígbà náà ni àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ mu àgbo. Òmíràn á ní làkúrègbé ni. Ẹnì kan á tilẹ̀ ní ẹ tẹ oògùn mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà. Àwọn dókítà wa tó ń sọ Faransé ń pè é ní sciatique.

Ẹ mọ òṣùká tó máa ń wà láàrin orí àti ẹrù. Láàrin egungun ẹ̀yìn kan àti èkejì, ohun rírọ̀ kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ òṣùká bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo jù, tàbí tí a bá tẹ̀ba tí a tún yí ara lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ lè yọ síta díẹ̀, kó sì tẹ iṣan tó ń jáde níbẹ̀. Iṣan yìí ló nípọn jù nínú gbogbo ara, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àtàǹpàkò, ìdí ló sì gbà lọ sí ẹsẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ẹsẹ̀ fi ń dùn yín, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún 1934 ni dókítà méjì ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, Mixter àti Barr, kọ̀wé tó jẹ́ kí ayé mọ èyí dáadáa. Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi àwọn àgbà tó ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ń sàn o. Láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ara ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fúyẹ́ láìsí iṣẹ́ abẹ, torí ohun tó yọ síta yẹn máa ń sún kì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ẹní ni ìwòsàn wà. Ní 1999, àwọn dókítà ní Netherlands gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n ní kí àwọn aláìsàn kan dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn yòókù máa ṣe wọléwọ̀de wọn. Àwọn tó dùbúlẹ̀ kò sàn jù. Ẹ sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì bó bá le, kí ẹ wá máa rìn díẹ̀díẹ̀, yíká àgbàlá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ìjókòó ló ń ni ín lára jù, pàápàá lórí àpótí kékeré tí a fi ń bó gbágùúdá. Ẹ máa dìde lóòrèkóòrè. Lóru, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí ẹ ká aṣọ sáàrin orúnkún méjèèjì. Aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára, àdí náà dára láti fi pa á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ẹ̀yìn yín o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àmì kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ìrora bá kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó padà sókè sí ìdí, ẹ má bẹ̀rù bí ìdí tilẹ̀ ń dùn sí i. Ó ń sàn lọ nìyẹn.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni abẹ́rẹ́ ìdí. Ẹni tó ń kiri oògùn á dé, á ní abẹ́rẹ́ kan péré, ó parí. Ìdí yẹn gan-an ni iṣan náà gbà kọjá. Abẹ́rẹ́ tí kò bọ́ síbi tó yẹ lè ba iṣan náà jẹ́, kí ẹsẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn títí ayé. Oògùn inú ike ẹ̀gbẹ́ títì ńkọ́? Diclofenac tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ lè dá ọgbẹ́ sí inú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Tramadol máa ń di bárakú. Ẹ béèrè oògùn ìrora lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín, kí ẹ sì sọ fún un bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ní ọgbẹ́ inú.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba sùúrù. Bí ibi tí gàárì kẹ̀kẹ́ máa ń kàn lára yín bá kú tipiri, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá tàbí tó ń jáde fúnra rẹ̀, bí ìgbẹ́ bá ń bọ́ láìmọ̀, tàbí bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù Pobè, ìbáà jẹ́ òru. Láti ibẹ̀ wọ́n lè fi yín ránṣẹ́ sí Cotonou. Bí ibà bá wà pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn, tí ẹ sì ń rù, ẹ má fi falẹ̀: ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń jẹ egungun ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bídọ́ọ̀nù epo lítà 25 wúwo tó nǹkan bíi kílò 23. Ẹni tó fẹ́ yẹra fún owó ọmọlanke, tó dá gbé mẹ́ta, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì já, tí kò jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ó bá jẹ́ ọjà ọrọọrún ló ń ná, bí ọjà mẹ́wàá ló pàdánù yẹn. Ẹ pín epo sí ike kéékèèké, tàbí kí ẹ̀yin méjì jọ gbé e. Ẹ tẹ orúnkún, kì í ṣe ẹ̀yìn, kí ẹrù sún mọ́ àyà yín, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ yí, kì í ṣe ìbàdí. Ẹni tó bá ní ọmọlanke ládùúgbò, kí ẹgbẹ́ yín bá a dúnàádúrà kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé.