Ẹ̀mí Àwọn Bátìrì Kéékèèké

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà ní Nàìjíríà, láti Sókótó títí dé Kàlàbá, tí ó jẹ́ pé nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, bátìrì inú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì nìkan ni ó ń mú ìròyìn wọlé. Bí bátìrì náà bá kú lálẹ́ ọjọ́ ìbò, tàbí nígbà tí ìjọba ń kéde pé omíyalé ń bọ̀, ará ilé náà kò ní gbọ́, wọn kò sì ní mọ̀. Nítorí náà, bí bátìrì ti ń pẹ́ tó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfọwọ́rọ́sẹ́yìn.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà. Èkínní ni èyí tí ìkarahun rẹ̀ jẹ́ síǹkì, tí ọ̀pá èédú sì wà láàárín rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Georges Leclanché, ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1866. Owó rẹ̀ kéré jù lọ, òun náà ni ó sì ń tètè tán. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń kọ alkaline sí lára; ó wọ́n ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa, pàápàá nínú ohun tí ń fa agbára púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a lè ṣáàjì nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán. NiMH ni wọ́n máa ń kọ sí i lára.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Lára bátìrì tí a ń ṣáàjì, nọ́ńbà kan wà tí mAh tẹ̀ lé. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 2000, tí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì sì ń fa 50 milliampere, kí a fi 50 pín 2000: wákàtí 40 ni. Ẹni tí ń gbọ́ ọ fún wákàtí 4 lójúmọ́ yóò lò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 10. Bí ó bá ń yí ohùn rẹ̀ sókè jù, ọjọ́ náà yóò dín. Bí ẹ̀rọ tí a fi ń ṣáàjì bá ń fún un ní 200 milliampere, yóò gbà tó wákàtí 14 sí 16 kí ó tó kún, kì í ṣe 10, nítorí pé díẹ̀ nínú agbára náà ń di ooru.

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ni a lè ṣáàjì irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ tí a rà á, èrè rẹ̀ dájú fún ẹni tí ń lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì tí a fi pamọ́ de ọjọ́ pàjáwìrì kò bá a mu bẹ́ẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ń pàdánù agbára níbi tí a gbé wọn sí. Alkaline ni ó yẹ ibẹ̀, torí ó lè wà fún ọdún díẹ̀ láìbàjẹ́. Ní ti aago ara ògiri, tí kì í fa ju ìwọ̀nba lọ, bátìrì olówó pọ́ọ́kú tó o.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò: sísá bátìrì tí ó ti ń kú sínú oòrùn. Ooru a máa mú kí ìwọ̀nba agbára tí ó ṣẹ́ kù tètè jáde, nítorí náà ni rédíò ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n agbára tuntun kankan kò wọ inú rẹ̀. Nígbà náà síǹkì ara rẹ̀ ti jẹ tán, omi inú rẹ̀ a sì jo jáde, a ba rédíò tí owó rẹ̀ ju ti bátìrì lọ jẹ́. Ewu tí ó tún ju èyí lọ ni kí a máa ṣáàjì bátìrì tí a kò ṣe fún un, tàbí kí a jù ú sínú iná: gáàsì lè kún inú rẹ̀, kí ó sì bẹ́. Kò sì dára kí a da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó nínú ẹ̀rọ kan náà.

Kì í ṣe iye owó tí ọlọ́jà pè nìkan ni ó yẹ kí onílé wò, bí kò ṣe iye wákàtí tí owó náà yóò rà fún un.