Ẹ wo ìhà ọmọ yín

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà Okpomèta, ẹ mọ apẹ̀rẹ̀ tí à ń kó tòmátì sí? Bẹ́ẹ̀ ni igbá àyà wa rí. Egungun ìhà 24 ló yí i ká, 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì, àtọkùnrin àtobìnrin. Gbogbo wọn so mọ́ egungun ẹ̀yìn. Níwájú, méje òkè so mọ́ egungun àárín àyà, mẹ́ta so mọ́ èyí tó wà lókè wọn, méjì ìsàlẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Inú apẹ̀rẹ̀ yìí ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà.

Ìhà ọmọdé ṣì rọ̀. Bí òtútù àyà bá mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le, á máa fi agbára fa èémí, ìhà á sì máa wọnú.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí kò sunkún, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìhà. Bí ibẹ̀ bá ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá mí sínú, ẹ má wulẹ̀ fi òróró pa á láyà, ẹ má dúró kí ọjà tú. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọjà mìíràn ń bọ̀.