Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé lẹ́yìn ẹyinjú?

Ẹ̀yin ará Kambolé, Tchamba àti Sokodé, àtọ̀gbẹ kì í fọ́ ojú lọ́jọ́ kan. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń ba iṣan tín-ín-rín ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́ díẹ̀díẹ̀: òmíràn á máa jò, òmíràn á dí pa, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dé ibẹ̀ mọ́. Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà wò ó rèé:

👁 Àwòrán aláró: Novotny àti Alvis gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1961. Wọ́n á gún aró fluorescein sí apá. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ó ti dé ojú. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà á tàn yòò, ibi tó dí á dúdú. Ìtọ̀ lè pọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fòyà.

👁 OCTA, àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ yà: Kò sí abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ á tan ìmọ́lẹ̀ léraléra sí ibì kan náà lẹ́yìn ẹyinjú. Ohun tó bá ń yí padà nínú àwòrán, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ni. Kọ̀ǹpútà á wá ṣírò bí ibi tó ṣókùnkùn, tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, ṣe fẹ̀ tó.

Bí ibi tó ṣókùnkùn yẹn bá ń fẹ̀ sí i, àrùn ń wọra nìyẹn, kódà bí ẹ ṣì ń ríran kedere.

Bẹ́ ẹ bá lọ gba oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ bi dókítà pé: “Ìgbà wo la yẹ ẹ̀yìn ojú mi wò kẹ́yìn?” Ọdọọdún ló yẹ.