ILÉ TÍ Ń JÒ, ÀTI BÍ A TI Í WÁ ẸNU TÍ OMI GBÀ WỌLÉ

Ẹ̀yin olùwòran wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn onímọ̀ èdè sábà máa ń dá sí. Ọ̀rọ̀ ilé tí ń jò ni. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ibi tí àtúnṣe ilé ti máa ń kọ́kọ́ wọ́ ni ẹnu ẹni tí ń ṣàlàyé àìsàn ilé náà fún káfíńtà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá omi nínú ilé yóò wí pé, ‘Ilé mi ń jò.’ Káfíńtà yóò gun òrùlé, yóò kan ìṣó, yóò gba owó rẹ̀. Bí òjò bá tún rọ̀, omi á tún dé.

Èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ń bọ́ láti òkè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ní ó ń kán. Bí ó bá ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú ilẹ̀ tàbí láti ẹsẹ̀ ògiri, a ní ó ń sun. Bí a bá fọwọ́ kan ògiri tí ó tutù, tí a kò sì rí omi tí ń ṣàn, a ní ó rin. Bí pákó bá sì ti mu omi títí ó fi rọ̀, a ní ó rẹ. Ẹni tí ó bá lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí ó ti yẹ ti bá káfíńtà ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Omi tí ń sun láti ìsàlẹ̀, kò sí iye ìṣó tí a lè kàn sórí òrùlé tí yóò dá a dúró. Ògiri tí ó kàn rin, ó lè jẹ́ pé páìpù ni ó ń jò nínú rẹ̀, tàbí pé ooru ilé ìdáná ni kò rí ọ̀nà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wo agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ níhìn-ín, àfi ìsinmi ránpẹ́ ti oṣù kẹjọ. Ní ayé àtijọ́, ewé bíi gbòdògì ni a fi ń bo ilé ní ilẹ̀ igbó. Ilé ńlá a sì máa ní àgbàlá láàárín, tí òrùlé ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dẹ̀ sí. Ààfin Ọlọ́wọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 2000, ni àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù. Ùghà ni wọ́n ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa ààfin náà sọ pé ó lé ní ọgọ́rùn-ún nígbà kan rí. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Lójú tèmi, ẹwà nìkan kọ́ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kan náà ni omi òrùlé mẹ́rin ń bọ́ sí. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ lásán, yóò di kòtò, omi yóò sì máa ta sí ẹsẹ̀ ògiri.

Igun ni ewu irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, níbi tí òrùlé méjì ti pàdé tí ó di ipa odò kékeré. Pàǹtírí ewé a dí ibẹ̀, omi a kún, a sì gba abẹ́ òrùlé wọlé. Ògiri amọ̀ lè ju ọjọ́ orí ẹni tí ó mọ ọ́n lọ bí orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rí orí rẹ̀, ìparun rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ àwòrán ọba lórí ẹṣin sí, igi náà ni wọ́n. Bí omi bá ń ta sí wọn nídìí, wọn a jẹrà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sìmẹ́ńtì ni òògùn rẹ̀. Wọ́n a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ láti dá omi dúró. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ògiri amọ̀ mí. Omi tí ó bá gba òkè wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Amọ̀ yóò máa rọ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì, ojú ògiri yóò sì máa dán gbinrin. Ọjọ́ tí onílé bá mọ̀ ni ọjọ́ tí ó wó. Amọ̀ ni kí a máa fi rẹ́ amọ̀.

Ní ti páànù, tí ó gba ipò ewé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Orí gegele páànù ni ìṣó ń gbé, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá. Oòrùn ọ̀sán a mú páànù gùn, ìtutù òru a mú un súnkì. Ìṣó kì í bá a rìn, nítorí náà ihò ìṣó a máa fẹ̀ lọ́dọọdún.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ìṣòro wa ni pé ibi tí ẹnu náà wà kì í sábà jẹ́ ibi tí omi ti ń kán. Omi a gba ihò kan wọlé lókè, a tọ abẹ́ páànù wá, a tọ igi àjà, kí ó tó bọ́ sílẹ̀ ní yàrá mìíràn. Ọ̀nà tí ó dára jù láti wá a rí ni kí ẹnì kan wà lórí òrùlé pẹ̀lú omi, kí ẹnì kejì wà nínú àjà. Láti ìsàlẹ̀ òrùlé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, kí a máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi yóò ṣàn kọjá lórí gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì ní mọ èyí tí ó jẹ̀bi.

Ilé kan tún wà tí púpọ̀ nínú yín kò tíì sùn nínú rẹ̀ rí: ilé alágbèéká tí mọ́tò ń fà, tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi ń rìnrìn-àjò ìsinmi. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé fáíbà, tí wọ́n fi ń ṣe ara ọ̀pọ̀ nínú wọn, ti wà láàárín wa: òun ni wọ́n fi ń ṣe iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá. Gíláàsì ni, ṣùgbọ́n gíláàsì tí a yọ́, tí a fà di fọ́nrán tín-ín-rín bí òwú. Ilé-iṣẹ́ Owens-Corning, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di ọjà ńlá. A ó tẹ́ ẹ bí aṣọ, a ó fi oje tí ń le bí òkúta pa á, yóò sì di ara kan.

Fáíbà kì í dípẹtà, kì í sì í jẹrà bí igi. Ìdí nìyí tí a fi ń gbàgbé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Etí fèrèsé, ìdí ìṣó àti ihò afẹ́fẹ́ orí òrùlé ni omi ń gbà wọlé. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ibẹ̀ a gbẹ, a sán nínú oòrùn. Gbígbọ̀n ojú ọ̀nà a sì ṣí i. Omi a há sáàárín fáíbà àti pákó, pákó a rẹ, a jẹrà, àwọn méjèèjì a sì kọ ara wọn sílẹ̀.

Etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èkù ọ̀bẹ máa kan ara fáíbà náà láti ibì kan dé ibòmíràn. Ibi tí ó ṣì le yóò dún kó, ní ohùn òkè. Ibi tí ó ti ṣí kúrò lára pákó yóò dún bò, ní ohùn ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí a bá lu akèrègbè òfìfo. Etí tí ó gbọ́ dùndún kò lè ṣi èyí gbọ́. Ẹ fi pẹ́ńsùlù yí ibi tí ó dún bò ká.

Kí a kọ́kọ́ dí ẹnu omi láti ìta. Ẹni tí ó bá fi gọ́ọ̀mù dí i láti inú ilé ti ti omi mọ́lé ni. Lẹ́yìn náà, kí a gé pákó tí ó ti jẹrà kúrò, kí a sì jẹ́ kí ìyókù gbẹ; ọ̀sẹ̀ ni èyí ń gbà, kì í ṣe ọjọ́. Kí a fi sáńpépà ha etí fáíbà àtijọ́ kí ó dẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ìdẹ̀ náà sì gùn tó ìlọ́po 12 nínípọn rẹ̀. Bí ó bá nípọn ní mílímítà 3, kí ìdẹ̀ náà tó mílímítà 36, nítorí ibẹ̀ ni tuntun yóò ti di àtijọ́ mú. Èròjà tí ń mú oje le kò gbọdọ̀ ju bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ; bí ó bá pọ̀ jù, oje a gbóná, ó sì lè gbiná. Bí ó bá ta sí ènìyàn lójú, ó lè fọ́ ọ lójú. Kí a wọ awò, kí a bo imú, kí a sì ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ọmọ-iṣẹ́ tí ń po oje láìbo ohunkóhun, ọ̀gá rẹ̀ ni ó yẹ kí a bi.

Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ni gbogbo iṣẹ́ yìí bọ́ sí, nítorí pákó ti gbẹ. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti dé, gbogbo ìlú ni yóò máa wá káfíńtà kan náà. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, kí ìsinmi Kérésìmesì tó parí, ẹ wọ inú àjà yàrá tí ẹ ń kó ìwé sí lọ́sàn-án gangan, kí ẹ ti fèrèsé ìsàlẹ̀ pa. Ibi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń yọ bí ìràwọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí àmì náà lè dúró de káfíńtà.