Ohun tí Ará Ilé Mọ̀ kì í ṣe Àṣírí

Nígbà tí ọba tàbí ìjòyè bá fẹ́ ránṣẹ́ pàtàkì sí ọ̀nà jíjìn ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń fi ọ̀rọ̀ náà sí ìránṣẹ́ lẹ́nu. Àrokò ni yóò dì fún un. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ lè wí pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹ̀fà ni iye rẹ̀. Ìránṣẹ́ a máa gbé ẹrù náà rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni méjì péré ni ó yé: ẹni tí ó dì í àti ẹni tí ó tú u.

Ọgbọ́n yìí kò jìnnà sí èyí tí WhatsApp fi ń ṣiṣẹ́. Láti 2016 ni ó ti ń di ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì bá ń bá ara wọn sọ ní ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ tí ń gbé e kọjá kò fi lè kà á. Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn bá ké gbàjarè pé olè ti gba WhatsApp òun, kì í sábà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú àrokò lójú ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ilé ni olè gbà wọlé, onílé ni ó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Bí a bá fẹ́ lo nọ́ńbà tẹlifóònù kan lórí fóònù tuntun, a ó fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí síìmù rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí mẹ́fà yìí tẹ̀ ni ẹ̀rọ gbà pé ó jẹ́ olóhun.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé, "Kí ni mo ní tí olè yóò wá jí?" Kì í ṣe owó onílé nìkan ni gbájúẹ̀ ń wá, orúkọ rẹ̀ ni. Bí ó bá ti jókòó sórí nọ́ńbà olùkọ́ àgbà kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn ọ̀rẹ́, àbúrò àti ará ìjọ rẹ̀ pé òun nílò owó kíákíá, òun yóò sì dá a padà ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀wọ̀ tí ènìyàn fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ ni wọ́n fi ń jẹ gbèsè ní ọ̀sán kan.

Ẹ̀rọ a máa béèrè ohun tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀. Yorùbá, ní tirẹ̀, kì í fi ìbí àti ìran pamọ́. Bí ènìyàn bá pé ọgọ́ta ọdún, a ó tẹ àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ sára abọ́, aṣọ ìnura àti ike tí a ó pín fún àlejò. Bí ìyá rẹ̀ bá kú, ìwé ètò ìsìnkú yóò ka ilé tí a ti bí ìyá náà, ìlú rẹ̀, ọdún rẹ̀, àti gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ohun iyì ni gbogbo èyí, kò sì yẹ kí a fi í sílẹ̀ nítorí olè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá béèrè orúkọ ìdílé tí a ti bí ìyá ẹni gẹ́gẹ́ bí àṣírí, ohun tí a tẹ̀ ní igba ẹ̀dà fún àwọn tí ó wá jẹ ìrẹsì ni ó ń béèrè.

PIN oní-nọ́ńbà mẹ́rin pẹ̀lú kò yàtọ̀. Láti 0000 dé 9999, 10,000 ni iye tí ó lè jẹ́. Ẹni tí ó bá fi ọdún ìbí rẹ̀ ṣe é ti dín in kù sí bí 100. Olè tí ó rí ojú rẹ̀ lè dín in kù sí 20. Bí olè bá sì ti rí ike ọjọ́ ìbí náà, ó ku ẹyọ kan. Àwọn mìíràn a ní ọmọ àwọn ni ó ń bá àwọn tẹ PIN. Kò sí ẹni tí yóò bá ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì jà nítorí pé ó fọkàn tán ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa pe PIN rẹ̀ sókè nílé, yóò pè é sókè fún oní-POS láàárín ọjà pẹ̀lú.

Ìwà ọmọlúàbí gan-an ni gbájúẹ̀ fi ń ṣe ìdẹ. "Ẹ káàsán, Màmá. Láti báńkì yín ni, ẹ má bínú pé a yọ yín lẹ́nu." Yóò dárúkọ wọn, yóò ka nọ́ńbà àkáǹtì wọn, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, láìṣi ọ̀kan. Ọkàn Màmá yóò balẹ̀: ta ni ì bá tún mọ ìyẹn bí kò ṣe báńkì? Gbogbo ẹni tí ó ti fi owó ránṣẹ́ sí wọn rí ni. Lẹ́yìn náà ni yóò dárúkọ BVN, nọ́ńbà 11 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2014, pé nítorí rẹ̀ ni a ó ṣe ti àkáǹtì wọn pa kí ilẹ̀ tó ṣú. OTP tí yóò wọ orí fóònù wọn ní ìṣẹ́jú yẹn ni ó ń wá. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí Màmá pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí a ti kọ́ wọn láti kékeré pé ẹni tí ó bá kí ni ni à ń dá lóhùn. Kò sí àìlọ́wọ̀ kankan nínú kí wọ́n wí pé, "Ó dáa, mò ń bọ̀ ní báńkì," kí wọ́n sì pa á.

Bí a bá jí fóònù, olè kò tilẹ̀ nílò ẹnu onílé. Yóò yọ síìmù sínú fóònù tirẹ̀, OTP yóò sì máa wọlé wá bá a. Síìmù pẹ̀lú ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí: a lè fi PIN lé e. Ẹni tí ó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù yóò ti ara rẹ̀ pa títí a ó fi tẹ nọ́ńbà mẹ́jọ tí à ń pè ní PUK. (Kí olóhun ti kọ PUK sílé kí ó tó dán an wò.)

WhatsApp pẹ̀lú gbà kí olóhun yan nọ́ńbà mẹ́fà kejì fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ń wá sórí síìmù. Bí kò bá ṣe é, tí olè sì ti wọlé, kí ó tún fi nọ́ńbà rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀; bí ó bá ti tẹ mẹ́fà tuntun tí a fi ránṣẹ́, olè yóò jáde. Olè tí ó gbọ́n lè ti fi mẹ́fà kejì tirẹ̀ sí i. Nígbà náà onílé yóò dúró fún ọjọ́ 7 kí ó tó lè wọlé. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọ̀rẹ́ àti ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ pé ẹni tí ń yá owó lọ́wọ́ wọn kì í ṣe òun.