Ẹ Má Kánjú Bó Irin Àtijọ́

Ní Morogbo, páànù tuntun kì í pẹ́ dípẹtà. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìhà òkun àti ọ̀sà wá ní iyọ̀ nínú, irin tó bá sì ti pẹ́ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ti mu iyọ̀ yó. Lórí tábìlì kan nínú àgbàlá tí kò jìnnà sí títì Èkó sí Àgbádárìgì, mo bá irin róbótó kan tí ìpẹtà ti bò mọ́lẹ̀, ẹ̀gbà idẹ kan, àti owó ẹyọ díẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ kòtò ṣalángá ló hú wọn jáde. Bàbá onílé ti gbé ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn sílẹ̀ láti fi bó wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tíì fi nǹkan kan kàn wọ́n,” ni obìnrin tí wọ́n ránṣẹ́ pè sọ lẹ́yìn tó kúnlẹ̀ kí wọn tán. Ìtọ́jú ohun àtijọ́ ni iṣẹ́ tó kọ́.

Ìbéèrè ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ibo gan-an nínú àgbàlá? Báwo ló ṣe jìn tó? Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ni? Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fi rúlà ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ya fọ́tò wọn. Ohun tí a kò mọ ibi tó ti jáde, púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ ti ṣòfò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ awárin káàkiri ń bà jẹ́ nìyí: ẹ̀rọ á dún, wọ́n á gbẹ́ ojú kan, wọ́n á fa irin yọ, ohun tó yí i ká á sì dàrú.

Ó wọ ìbọ̀wọ́, torí òógùn ọwọ́ náà ní iyọ̀. Ó fi ṣáṣá oparun àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára irin náà, kò sì fi omi kàn án. Nígbà tó kan ìpẹtà tó ti le, ó dúró. Inú ìpẹtà yẹn ni àwòrán irin náà bó ṣe rí látilẹ̀ wà, ipa okùn tàbí igi sì lè ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò X-ray ló lè fi inú rẹ̀ hàn láìfọ́ ọ.

Ó fún mi ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Mo rí ẹ̀kán omi kéékèèké, aláwọ̀ ìyeyè, tó là jáde lára irin náà. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Irin tó bá ń làágùn báyìí ń jẹ́ nínú, yóò sì máa bó ní ìpele ìpele. Oògùn rẹ̀ kò sí nílé. Àwọn onímọ̀ máa ń rẹ ẹ́ sínú omi sódà, wọ́n á máa pààrọ̀ omi náà, wọ́n á sì máa wọn iyọ̀ inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìbọn àgbá ńlá lè gba ọdún. Lẹ́yìn tó bá gbẹ tán ni wọ́n á fi ìda pa á lára.

Ó kan ẹ̀gbà idẹ. Àwọ̀ ewé tó ki, tó sì ń jọ̀lọ̀, awọ tó ń dáàbò bo idẹ ni; lẹ́búlẹ́bú ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ràn mọ́ ìka ni àrùn. Ọsàn á jẹ awọ náà run. Ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ mànílà ni àwọn òyìnbó fi ń ra ọjà, títí kan ènìyàn, ní etíkun wa. Ní 2023, Tobias Skowronek àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwádìí hàn pé ilẹ̀ Rhineland ní Jámánì ni idẹ irú mànílà tí àwọn ará Benin yọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà wọn ti wá. Ká ní wọ́n ti ta àwọn mànílà náà fún alágbẹ̀dẹ, àwọn olùwádìí náà ì bá má rí nǹkan kan yẹ̀ wò.

Owó ẹyọ ló rọrùn jù: kí a fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ sí ọsàn nítorí ó máa ń yọ́ ìkarahun, kí a sì sá a níbòji. Ó kó ohun gbogbo sínú ike olómorí, ó sì fi àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí ti irin àti idẹ, kí wọ́n máa fa ọ̀rinrin mu.

Kí a lè mọ ohun tí irin róbótó náà lè jẹ́, a wọ dánfó lọ sí Àgbádárìgì. Nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé Mobee, a rí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi de ẹrú. Nílé Ṣẹ̀ríkí Abass, oníṣòwò ẹrú tó kú ní 1919, a rí àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń há ẹrú mọ́. Ẹni tí wọ́n fi irin wọ̀nyí dè kò ní ìwé tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ó ṣẹ́kù fún un, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má fi ọsàn pa ẹ̀rí náà.

Òfin náà wà lẹ́yìn wa. Láti 1979, òfin Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí ti orílẹ̀-èdè yìí ti ní kí ẹni tó bá rí ohun àtijọ́ fi tó ìjọba létí láàrin ọjọ́ 7. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ dédé máa walẹ̀ wá wọn láìgba àṣẹ. Ohun tí a ṣèèṣì hú jáde sì lè ṣe pàtàkì gan-an: ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí.

Bàbá ti gbà láti fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Kí ẹni tó bá tún hú nǹkan jáde ní agbègbè yìí ṣe bákan náà: kó ya fọ́tò rẹ̀, kó kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀, kó gbé e síbi gbígbẹ, kó sì pe àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú.