Oṣù Kẹta Ni Kẹ́ Ẹ Dìbò

Ní Texas níbí, lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1994, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat kankan tó tún wọlé sípò tí gbogbo ìpínlẹ̀ jọ ń dìbò fún. Republican ló ń wọlé ṣáá. Ṣùgbọ́n láti 1874 títí di 1979, Democrat nìkan ló ń ṣe gómìnà.

Mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé, “Ìbò wa ò já mọ́ nǹkan kan.” Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹgbẹ́ kan bá ti ń borí lọ́dọọdún, inú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń yan olùdíje, ni ìjà gidi wà. Oṣù Kẹta ni wọ́n ń ṣe é, èèyàn díẹ̀ ló sì ń lọ. Kò pọn dandan kéèyàn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lè mú èyí tó wù ú nínú méjèèjì.

Ẹ̀yin òbí wa tẹ́ ẹ ti di ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di oṣù Kọkànlá.